Àmù tí Ìlú Kan Fi Rí Oṣù Òjò Kó Tó Dé

Ní ìlú kan tó fẹ̀yìn ti òkè, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan. Ògúnṣèyẹ ni orúkọ rẹ̀, wẹ́dà sì ni. Ó ń fi irin ṣe gèéètì àti fèrèsé, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú débi pé láti àwọn ìlú tó yí wọn ká ni àwọn ènìyàn ti ń wá bá a. Tó bá ń jẹun, òkèlè kan kò tíì kọjá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí èyí tó kàn. Tí wọ́n bá pe ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́, láti ọ̀sán ni yóò ti jókòó síbẹ̀ tí á máa wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwà yìí. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ti pẹ́ nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí i ṣe, òun ni wọ́n máa ń gbé e fún, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi parí. Bí ó ṣe di alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú nìyẹn.

Ìlú náà kò ní iná. Wáyà ìjọba dúró sí ìsàlẹ̀ òkè, kò gòkè wá. Jẹnẹrétọ̀ ni Ògúnṣèyẹ fi ń jó irin, òórùn èéfín rẹ̀ kò sì fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni àìsí iná yìí ti dun ìlú jù. Láti ọ̀nà jíjìn ni Nọ́ọ̀sì ti máa ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wá nínú kúlà tí wọ́n kó yìnyín sí. Tí ọkọ̀ bá dákú lọ́nà, yìnyín á yọ́, abẹ́rẹ́ á bàjẹ́, àwọn ìyá tó ti pọn ọmọ wá láti oko á tún pọn ọmọ padà. Ọdún kan wà tí àrùn kan tí abẹ́rẹ́ yẹn ìbá dènà wọ inú ìlú. Àwọn ọmọ tó mú lọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni, kò sí ẹni tí kò mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti wá.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi dá owó jọ láti ra iná sólà, inú Ògúnṣèyẹ dùn bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kọngílá kan ti wá bá a. Ó fi àwòrán hàn án nínú fóònù: òpó iná gíga-gíga, láti ẹnu ibodè títí dé iwájú ilé Baálẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ tàn yòò. Kọngílá náà ní tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ iṣẹ́ òun yóò gòkè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Ògúnṣèyẹ létí bí orin. Kó tó délé lọ́jọ́ náà, ó ti ń fi ẹsẹ̀ sàmì sí ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan máa wà. Ó ti ń rí i lọ́kàn rẹ̀ bí àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè ṣe máa gbójú sókè, tí wọ́n á máa béèrè pé, "Ìlú wo ló ń tàn báyẹn?"

Baálẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Alága, ọ̀rọ̀ yín dára. Àmọ́ ọmọ wa kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ iná yìí gan-an ló ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó wá bá wa wò ó kí a tó sanwó."

Ògúnṣèyẹ ní, "Kò burú, Baba." Ẹnu rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbídùn ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìlú kan tó gbé iná oòrùn wọlé, òun á kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Báwo ni oòrùn ṣe ń ràn níbẹ̀ láti oṣù dé oṣù? Kí ni àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ fi iná náà ṣe, àárọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é ni, àbí alẹ́? Á kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà á sì gbé odindi ọdún kan kọjá bí ẹni pé iná náà ti wà nílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ á ti dùn, á ti hàn. Ibi tí á ti korò, á ti hàn pẹ̀lú.

Ó dé, ó kí àwọn àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé kan dé èkejì. Ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Oníyìnyín, tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe yìnyín tà fún àwọn ọlọ́jà, pé ìgbà wo ló máa ń tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá tó ń fá irun. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Ògúnṣèyẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa ń jó irin jù?"

Ògúnṣèyẹ ní, "Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí oòrùn bá ti wọlé tí ara bá tù mí. Kí ló dé?"

Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, sà."

Ògúnṣèyẹ gbọn orí. Iná ni iná ń jẹ́ lójú tirẹ̀. Tó bá ti wà, ó ti wà nìyẹn. Kí ló wá kan ìgbà tí ènìyàn ń tàn án?

Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ìlú jọ sí gbọ̀ngàn. Ìbídùn tan àwòrán sára ògiri láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìlà pupa wà níbẹ̀, ìlà aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo oṣù Keje níbí yìí." Gbogbo wọn wò ó, kò sì sẹ́ni tó rí oṣù Keje kankan. Ó ní tí ìlà kejì bá ti kọjá ìlà kìíní, wàhálà ti dé. Bàbá àgbà kan tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í han-run. Nígbà tí Ìbídùn ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè, ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní ṣé àwọn máa lè fi iná náà wo bọ́ọ̀lù. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ìpàdé sì tú.

Ògúnṣèyẹ rí ọmọbìnrin náà bó ṣe ń dá ká wáyà rẹ̀ níwájú àwọn àga òfìfo, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Òun kò fẹ́ ohun tí ọmọbìnrin náà fẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kó máa wò ó níran. Ó lọ bá a gbé àpótí rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ńlá lo ṣe. Ṣùgbọ́n ìlà wọ̀nyẹn kò yé ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an tí mo ń lo tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n lójoojúmọ́, kò yé mi. Tó o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa níbí, sọ ọ́ bí ohun tí a ń fọwọ́ kàn."

Ìbídùn dúró. Ó ní, "Bíi kí ni, Bàbá?"

Ògúnṣèyẹ wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ń kánjú àtilọ. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Bí omi."

Ọmọbìnrin náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ jẹ́jẹ́: "Bí omi." Ojú rẹ̀ là. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níbi tí ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn, Ògúnṣèyẹ sì rẹ́rìn-ín títí dé ilé, kò mọ̀ pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ohun tó máa yí ète òun padà lé e lọ́wọ́.

Ìbídùn tún bẹ Baálẹ̀ pé kó bá òun pe ìlú jọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé kọ̀ǹpútà síwájú. Àmù ńlá kan ló gbé sáàárín gbọ̀ngàn, pẹ̀lú garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní àmù yẹn ni bátìrì ìlú. Omi tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ ni oòrùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tan iná yóò wá bu omi. Ó ti ṣe ìṣirò ohun tí oníkálukú máa lò, ó sì ti wá ohun ìbomi tó bá a mu fún un. Bàbá tó ń fá irun gba ife kékeré. Ìyá Oníyìnyín gba ìgò ńlá tí wọ́n gé lórí. Ife Nọ́ọ̀sì kéré jù lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà ló gbọ́dọ̀ bù, nítorí fìríìjì abẹ́rẹ́ kì í sinmi. Ògúnṣèyẹ gba méjì: abọ́ kan fún ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, àti abọ́ gbàǹgbà mìíràn fún àwọn òpó iná tó ń ṣojú fún.

Ó ní, "Ta ló máa jẹ́ oòrùn?"

Baálẹ̀ gbé fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó ká apá agbádá rẹ̀, ó ní, "Èmi ni oòrùn. Ẹ má sọ pé oòrùn yín ti ń darúgbó o."

Ẹ̀rín sọ ní gbọ̀ngàn. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ẹni tó tún sùn.

Ìbídùn kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé ọjọ́ kan nínú ẹ̀rùn. Ó kígbe pé, "Ilẹ̀ ti mọ́!" Baálẹ̀ gbé garawa, ó ń da omi, ó ń dà á, àwọn ènìyàn ń hó. "Oòrùn, ẹ rọra o! Ẹ má sun wá lára!" Ó kígbe pé, "Ọ̀sán ti pọ́n!" Oòrùn tún da garawa mìíràn. Ó kígbe pé, "Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́!" Àwọn olómi tò lọ sídìí àmù, wọ́n ń bù, wọ́n ń ta omi síra wọn lára. Ògúnṣèyẹ bù fún ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, ó bù fún àwọn òpó, ó tún bù, ó tún bù, nítorí òpó máa tàn títí di òwúrọ̀ ni. Nígbà tí Ìbídùn pe àfẹ̀mọ́jú, omi ṣì wà nínú àmù. Nọ́ọ̀sì bu tirẹ̀, ife rẹ̀ kún.

Ògúnṣèyẹ gbé abọ́ sókè. "Mo ti sọ! Àbí ẹ ò rí i? Ẹ jẹ́ kí kọngílá máa bọ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbídùn náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gba garawa lọ́wọ́ Baálẹ̀, tó fi igbá kékeré kan sí i lọ́wọ́.

Ó ní, "Oṣù Keje ti dé, Baba. Òjò ti ń rọ̀ láti ìjẹta, ojú ọ̀run ṣú."

Baálẹ̀ wo igbá náà, ó wo àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó rọra da ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, ó tún da díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, wọ́n sì tò lọ sídìí àmù gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa ṣíwọ́ iṣẹ́ tìtorí pé òjò ń rọ̀. Ògúnṣèyẹ bù fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bù fún àwọn òpó. Ìyá Oníyìnyín bù, nítorí òru ló máa ń ṣe yìnyín tó máa tà láàárọ̀. Ògúnṣèyẹ tún bù fún àwọn òpó.

Nígbà náà ni Nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú ife rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú àmù, gbogbo wọn sì gbọ́ bí ife náà ṣe ha amọ̀ nísàlẹ̀. Ó tún na ọwọ́ sí i, ó tẹ̀ ba débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àmù. Ó fà á jáde, ó sì da ojú rẹ̀ dé. Kò sí ẹ̀kán omi kan tó bọ́ sílẹ̀.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí àrùn ọdún yẹn mú lọ. Ó kàn sún ìdí ife Nọ́ọ̀sì sókè pẹ̀lú ìka rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ṣì kù.

Ògúnṣèyẹ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Abọ́ gbàǹgbà ṣì wà níbẹ̀, omi sì ń kán tó, tó, tó láti etí rẹ̀ sórí bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tó wò ó. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó mọ̀ pé gbogbo wọn rí i. Ó ti ro iná yìí lọ́sàn-án, ó ti rò ó lálẹ́, gbogbo ibi tó máa tàn sí ló ti rí. Ibi tó máa ṣókùnkùn sí ni kò rí rárá.

Ó ní, "Ta ló bu omi Nọ́ọ̀sì?" Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. "Èmi ni."

Ìbídùn fẹ́ sọ̀rọ̀. Ògúnṣèyẹ gbọ́wọ́ sókè. Bí mo ṣe sọ fún ọ, ọkùnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan, kò sì dúró níbẹ̀ kó máa sunkún. Ó kígbe pé, "Ẹ pọn omi wá! Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe!"

Wọ́n tún un ṣe. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá dùn. Gbogbo ìlú ló di oníṣirò. Ẹnì kan ní tí wẹ́dà bá jó irin lọ́sàn-án nígbà tí omi ṣì ń dà ńkọ́, kò ní kan ohun tó wà nísàlẹ̀ àmù. Ògúnṣèyẹ ní oòrùn á pa òun. Wọ́n ní kó ṣe ìbòji. Ó rò ó, ó ní, "Ó dáa, mo gbà." Wọ́n kọjú sí Ìyá Oníyìnyín. Ó gbá ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, yìnyín tí mo bá ṣe lọ́sàn-án, ṣé kò ní di omi kó tó di àárọ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, kúlà tí mo fi ń gbé abẹ́rẹ́ wá láti ọ̀nà jíjìn ńkọ́? Tí fìríìjì bá ti wà, kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Ẹ máa kó yìnyín yín sínú ẹ̀."

Ìyá Oníyìnyín ronú díẹ̀. Ó ní, "Tó bá ní ìdérí tó dáa." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Ìbídùn fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu àmù, ó ní eruku ti bo àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn. Omi tí Baálẹ̀ ń dà ń ṣàn sílẹ̀ lára aṣọ, ó ń rin ẹsẹ̀ rẹ̀ gbingbin. Baálẹ̀ ní, "Ta ló máa bá mi nu ojú mi?" Àwọn ọ̀dọ́ ìlú nawọ́, wọ́n ní àwọn máa pín in ṣe láàárín ara wọn. Ìbídùn ṣí aṣọ kúrò. Wọ́n tún gbé ìkòkò kékeré kan tó ní ìdérí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù ńlá, wọ́n ní ti ilé ìwòsàn nìkan nìyẹn, pẹ̀lú pánẹ́ẹ̀lì àti oòrùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ bu omi níbẹ̀.

Ó wá ku àwọn òpó. Kò sí ẹni tó dárúkọ wọn. Ògúnṣèyẹ fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ gbàǹgbà, ó yí i po lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ó dùn ún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa dúró sí. Ó pe ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò, ó na abọ́ náà sí i, ó ní, "Gbà, máa fi ṣan ìrẹsì." Ó wá mú ife kékeré kan, ó ní iná kan níwájú ilé ìwòsàn, ọ̀kan ní ìdí kànga, ọ̀kan ní ìkóríta ilé ẹ̀kọ́. Ó tó.

Wọ́n gbé oṣù Keje kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i. Òjò rọ̀, òjò tún rọ̀, Baálẹ̀ ń fi igbá kékeré da omi. Nígbà tí Ìbídùn pe àfẹ̀mọ́jú, Nọ́ọ̀sì ṣí ìdérí ìkòkò kékeré, ó bu ife rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, ó gbé e sókè. Gbọ̀ngàn hó yèè. Ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀, agbádá Baálẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹni tó sì pariwo jù lọ ni Ògúnṣèyẹ.

Kọngílá padà wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ògúnṣèyẹ ní, "A ti yí i padà o. Òpó kò pọ̀ mọ́, bátìrì ló pọ̀ sí i, ilé ìwòsàn sì dá ní tirẹ̀."

Kọngílá ní, "Ah, Alága! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń retí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!"

Ògúnṣèyẹ ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà á padà wá." Ó mú un jókòó, ó ṣàlàyé oṣù Keje fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọngílá họ orí, ó ní gbogbo ibi tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí ìlú tó mọ ohun tó fẹ́ tó báyìí. Ó gba iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, ó sì ṣe é dáadáa.

Inú ẹ̀rùn ni iná dé. Ìwọ fojú inú wò ó. Ilé ìwòsàn tàn, ilé ẹ̀kọ́ tàn, àwọn àgbàlagbà ń tan iná, wọ́n ń pa á, wọ́n tún ń tàn án, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ògúnṣèyẹ pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ẹyẹ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Iná pọ̀ débi pé ó ń ṣẹ́kù. Àwọn kan wá bá a, wọ́n ní, "Alága, ẹ ò rí i pé iná yìí pọ̀ ju ohun tí à ń lò lọ? Ẹ jẹ́ ká wá fi òpó yẹn kún un báyìí."

Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Wọ́n ti fọwọ́ kan ibi tó ń yún un. Ó wo ojú títì láti ibodè títí dé ilé Baálẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí oṣù Keje kọjá ná."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ògúnṣèyẹ ló ní ká dúró! Ẹ bá mi pe ìlú!" Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú.

Oṣù Keje dé lóòótọ́. Òjò rọ̀ bí ẹni pé ó bínú sí òkè yẹn. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò fojú kan oòrùn. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò sí i ní gbọ̀ngàn pé kí àwọn ẹ̀rọ ńlá sinmi tí oòrùn kò bá jáde rárá, Ìyá Oníyìnyín pa ẹ̀rọ rẹ̀, Ògúnṣèyẹ pa tirẹ̀, ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ń kun gèéètì tó ti jó irin rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé àwọn ènìyàn kò ṣókùnkùn, iná kékeré kọ̀ọ̀kan ń jó.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé bọ́ sáàárín òjò náà. Láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ògúnṣèyẹ rí àwọn ìyá tí wọ́n ń ti oko bọ̀, wọ́n fi ọ̀rá bo ọmọ lẹ́yìn, ẹrẹ̀ dé wọn ní orúnkún. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó bá wọn lọ. Ìṣirò jẹ́ ìṣirò, àmù jẹ́ àmù, ṣùgbọ́n òjò gidi nìyí.

Nọ́ọ̀sì rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí fìríìjì, ó mú ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan, ó fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ Ògúnṣèyẹ.

Ó tutù nini.

Nígbà náà ni wọ́n gún ọmọ àkọ́kọ́, ọmọ náà sì figbe ta. Èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta dá sí i, gbogbo ilé ìwòsàn kún fún igbe ọmọ. Ògúnṣèyẹ fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Ìyá ọmọ kan yíjú sí i. "Bàbá, ẹkún ọmọ mi lẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

Ó ní, "Má bínú, ìyá mi. Kò sí ohun tó dùn tó o. Jẹ́ kó ké dáadáa."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ nìyẹn, ìwọ ni mo sì ń sọ ọ́ fún. Mo mọ̀ pé o ní ohun kan lọ́kàn tí o fẹ́ dáwọ́ lé, ara rẹ sì ti wà lọ́nà. N kò ní kí o má kánjú. Ẹni tó ń kánjú ló gbé ìlú yẹn dé ibi tó dé. Ohun tí mo ní kí o ṣe ni pé kí o kọ́kọ́ gbé ọjọ́ tó burú jù nínú ohun náà kọjá, nígbà tó ṣì jẹ́ pé omi lásán ni yóò dànù. Má fi ọjọ́ ẹ̀rùn nìkan dán an wò, nítorí gbogbo ohun tí ènìyàn fẹ́ ló máa ń dára nínú ẹ̀rùn. Pe àwọn tó máa bá ọ pín nínú rẹ̀ wá, ìyàwó rẹ, àwọn ọmọ rẹ, àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, kí oníkálukú bù lójú rẹ. Ṣọ́ ẹni tí ife rẹ̀ kéré jù láàárín wọn, kí o sì wò ó bóyá nǹkan kù sílẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ pé abọ́ ọwọ́ tìrẹ ló gbẹ ẹ́, má jẹ́ kí ojú tì ọ́ débi tí o kò fi ní lè sọ ọ́ jáde. Sọ ọ́, rẹ́rìn-ín, kí o sì tún un ṣe. Ọjọ́ òjò rẹ á dé, kò sí àní-àní. Kí ó bá ọ nínú ilé tí àwọn ọmọ ti ń ké igbe ìlera.